Ẹ̀sìn Rastafari ní Ethiópíà

Erékùṣù Jàmáíkà ni ẹ̀sìn Rastafari ti gbéra dé Ethiópíà. Ní 1930 ni Ras Tafari Makonnen gorí ìtẹ́ Ethiópíà, tó sì di Haile Selassie Kìíní. Orí ni “Ras” túmọ̀ sí ní èdè Amharic. Oyè ìjòyè ńlá ni. Àwọn aláwọ̀ dúdú Jàmáíkà tó gbà pé Ọlọ́run ló gbé àwọ̀ ọba náà wọ̀ ni à ń pè ní Rasta. Ní tiwọn, oko ẹrú ni Jàmáíkà, Áfíríkà ni ilé, ilé sì làbọ̀ ìsinmi oko.

Ilẹ̀ Shashamane

Nígbà tí Ítálì kógun ja Ethiópíà ní 1935, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àti Kàríbíánì dúró tì í gbágbáágbá. Láti fi ẹ̀mí ìmoore hàn, Haile Selassie ya nǹkan bí 200 hẹ́kítà sọ́tọ̀ fún wọn ní 1948 nítòsí Shashamane, ní gúúsù Addis Ababa. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ kì í ṣe Rasta.

Ní 1961, ìjọba Jàmáíkà rán ikọ̀ kan tí àwọn Rasta wà nínú rẹ̀ lọ wo ibi tí wọ́n lè padà sí ní Áfíríkà. Wọ́n dé Ethiópíà, wọ́n sì dé Nàìjíríà pẹ̀lú. Ní 21 oṣù Kẹrin 1966, Haile Selassie fúnra rẹ̀ lọ sí Kingston ní Jàmáíkà. Èrò ya bo ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ débi pé kò rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, àfìgbà tí Mortimer Planno, àgbà Rasta, gun àtẹ̀gùn lọ bá a, tó sì pàrọwà fún èrò. Lẹ́yìn èyí, àwọn tó ń ṣí lọ sí Shashamane pọ̀ sí i.

Ìṣòro

Àwọn ológun gbàjọba Ethiópíà ní 1974. Ní 1975, ìjọba sọ gbogbo ilẹ̀ di tirẹ̀. Díẹ̀ ló ṣẹ́kù sọ́wọ́ àwọn Rasta. Ọ̀pọ̀ kó lọ, àwọn kan fara dà á.

Ìgbé ayé

Jamaica Sefer, ìyẹn àdúgbò Jàmáíkà, ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwọ̀ ewé, pupa àti yẹ́lò wà lára géètì ilé. Onídàda ń lu ìlù nyabinghi mẹ́ta níbi ìjọ́sìn. Ọba lásán ni Haile Selassie lójú àwọn aládùúgbò wọn tó jẹ́ Mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ Orthodox, nítorí náà ìwọ̀nba ọmọ onílẹ̀ ló gba ẹ̀sìn náà. Àwọn tó ń padà bọ̀ wálé ló gbé e wá. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ náà dàgbà láìní ìwé ìlú kankan, títí di 2017 tí ìjọba Ethiópíà bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní káàdì ìdánimọ̀.