Ìbátan Aláìsàn Ló Ń Dáná: Bí Aro Ṣe Fi Oúnjẹ, Oko àti Ijó Kún Ìtọ́jú Ọpọlọ

Láti Mowe dé Ibafo, títí kan Ifọ̀, "Aro" ti di èébú lẹ́nu ọmọdé. Bí ẹnì kan bá ṣe bí aṣiwèrè, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ sí Aro. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ní Aro yìí, l'Abẹ́òkúta, ni dókítà ọmọ Yorùbá kan ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan ní 1954 tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wá kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀.

Thomas Adéoyè Lámbò ni orúkọ rẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní 1923, Birmingham ló sì ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Kó tó dé, Lantoro ni ìjọba ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni wọ́n sì sọ di ilé náà. Ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Aro kò tíì parí, àmọ́ Lámbò ò dúró dè é. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé, kí wọ́n máa gbowó yàrá.

Àdéhùn kan ló wà níbẹ̀: aláìsàn ò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan, bóyá ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, gbọdọ̀ bá a gbébẹ̀. Ìbátan yìí ló ń se oúnjẹ rẹ̀, tó ń fọ aṣọ rẹ̀, tó ń mú un lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀ fún abẹ́rẹ́ àti oògùn, tó sì ń mú un padà lọ́sàn-án. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn o. Yorùbá ń bẹ̀rù kí wọ́n fún èèyàn ní nǹkan jẹ. Ẹni tí àìsàn ti mú kó máa fura sí gbogbo ayé lè kọ àwo tí àjèjì gbé wá, kó sì gba ọkà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Àwọn aláìsàn tún ń bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Lámbò gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́ pẹ̀lú, kí wọ́n máa darí ijó, eré àti àpéjọ àwọn aláìsàn. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ dókítà, ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ní ayé ló ń ṣe òun, oníṣègùn mọ ohun tó ń wí.

Ewé àti egbò náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro láàárín 1957 sí 1959, rí i pé àwọn oníṣègùn ń fi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Lára ìbátan igi yìí tó wà ní Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ti yọ reserpine ní 1952, oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀. Igi náà lágbára, ó lè fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù. Kì í ṣe àgbo tí èèyàn ń dá pò mu nílé.

Ní 1961, Abẹ́òkúta ló gba àwọn dókítà ọpọlọ lálejò fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Lámbò di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, láti 1973 sí 1988. Ó kú ní 2004.

Ó ṣòro láti tún irú abúlé bẹ́ẹ̀ ṣe lónìí. Ìyá tó ń tajà ní Ibafo, ta ni yóò bá a dúró ti ìsọ̀ fún oṣù mẹ́ta? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gba ipò rẹ̀ níbòmíì. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch ròyìn pé wọ́n ń so àwọn alárùn ọpọlọ mọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń fi ebi pa àwọn kan tó ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní ààwẹ̀ ìwòsàn ni. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò èyí tó ti wà láti ayé àwọn Òyìnbó.

Aro ṣì ń gba aláìsàn. Láti Ifọ̀, ọ̀nà Abẹ́òkúta tààrà ni. Ará Mowe àti Ibafo lè gba Ṣágámù.