Ta Ló Ṣe Ọmọ Mi?

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bi mí nìyẹn ní ilé ìdáná wọn ní Peckham, ní London, nígbà tí dókítà sọ pé multiple sclerosis ló ń ṣe ọmọ wọn. Ọmọ ọdún 27 ni. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún là. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ọwọ́ méjèèjì ló fi di kọ́ọ̀bù tíì mú, bí ẹni tó di ẹyin mú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ayé ni, pé àìsàn òyìnbó kò lè déédéé wọ ọmọ Ẹ̀gbá lára. Ọdún 24 ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú yìí. N kò bá wọn jiyàn. Mo jókòó, mo sọ ìtàn fún wọn.

Dókítà ará Faransé kan, Jean-Martin Charcot, ló fún àrùn náà lórúkọ ní 1868, ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris. Àpá líle ló rí káàkiri nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn tó ti kú. Àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ara ní ìbora, bíi rọ́bà tó bo wáyà iná. Nínú àrùn yìí, àwọn ọmọ-ogun ara fúnra wọn ló ń bó ìbora náà. Kí ló mú kí ẹ̀ṣọ́ dojú ìjà kọ onílé?

Bí àkọsílẹ̀ ti ń pọ̀, wọ́n rí i pé àrùn náà pọ̀ ní Scotland àti Norway, ó sì ṣọ̀wọ́n níbi tí oòrùn ti ń mú. Nílé wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, ń ka àrùn ọpọlọ àti iṣan ní UCH Ìbàdàn bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Ekukáká ni multiple sclerosis fi wà nínú iye rẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, dókítà kan, Geoffrey Dean, rí i pé àrùn náà ń mú òyìnbó tó dàgbà ní Yúróòpù kó tó ṣí wá ju òyìnbó tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Ilẹ̀ tí wọ́n ti dàgbà ló yàtọ̀.

Áfíríkà ni apá kejì ìtàn náà ti wá. Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Kampala, ń rí àwọn ọmọdé tí jẹjẹrẹ mú àgbọ̀n wọn wú gọ̀ǹgọ̀. Ní 1961 ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní London, olùwádìí kan, Anthony Epstein, sì wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ègé jẹjẹrẹ náà ránṣẹ́ sí Epstein nínú ọkọ̀ òfuurufú. Lọ́jọ́ kan ní oṣù Kejìlá 1963, kùrukùru bo London, ọkọ̀ sì yà sí Manchester. Kí ìgò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, omi inú rẹ̀ ti funfun bí omi ògì. Ẹlòmíràn ì bá dà á nù. Epstein kán an sórí gíláàsì, ó wò ó: kì í ṣe ìdọ̀tí, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló ń léfòó láàyè. Nínú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni òun, Bert Achong ará Trinidad àti Yvonne Barr ará Ireland ti rí fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr ní 1964.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àgbàlagbà tí kò ní in lára. Itọ́ ló ń gbé e kiri. Nílé, ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kó o kó tó já lẹ́nu ọmú, kì í sì í sábà ṣe é ní nǹkan kan. Níbí, ọ̀pọ̀ kì í kó o títí wọn ó fi bàlágà. Ní 2022, àwọn onímọ̀ Harvard tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà tó lé ní mílíọ̀nù 10: ewu multiple sclerosis di ìlọ́po 32 lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì yìí bá wọ ara. Kì í dá a ṣe o. Àìrí oòrùn tó, sìgá, sísanra jù nígbà èwe, àti ohun tí a jogún nínú ẹ̀jẹ̀, gbogbo wọn ló ń lọ́wọ́ sí i.

Mo wá kan 1990. Dean yẹn kan náà, pẹ̀lú Marta Elian àti Susan Nightingale, wo àwọn ọmọ tí àwọn tó ṣí wá láti Íńdíà, Áfíríkà àti West Indies bí sí Bìrìtìkó. Àrùn náà ń mú àwọn ọmọ ju àwọn òbí wọn lọ fíìfíì.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀: "Èmi ni mo bí i síbí."

"Ẹ̀yin kọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wa ni a bí síbí tí kò ṣe. Kò sí ẹni tó ṣe é."

Ọmọ náà ní òun á jáwọ́ nínú sìgá. Mo yọ̀, nítorí sìgá a máa mú àrùn náà tètè le. Ẹ̀gbọ́n mi kò dárúkọ ayé mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n bu tíì gbígbóná sí i dé ìdajì péré, kó má baà dà sí i lára.