Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Ojú Ọ̀nà Bàdágìrì: Ta Ló Jèrè, Ta Ló Fara Gbá?

Àwọn olùdíje mọ ìbéèrè yìí bí ẹni mowó: ǹjẹ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ kò ṣe ọmọ ènìyàn ní ibi ju ire lọ? Ohun tí a máa ń kà nínú ìwé ìdáhùn wọn ni oògùn àti ọkọ̀ òfuurufú ní apá kan, bọ́ǹbù ní apá kejì. Kò yẹ kí ẹni tí ń gbé Ìjànìkin rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ó ti Bàdágìrì wá, tí ó gba Ìjànìkin àti Òkòkòmáìkò dé Ọ̀jọ́, ní ìtàn tirẹ̀ láti sọ.

Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́. Òkè òkun ni ohun èlò ti ń wá. Ọkọ̀ kékeré tí gbogbo ayé sọ ní Ìjàpá sì wà lára ohun tí wọ́n ń tò. Ìrètí ni pé bó pẹ́ bó yá, àwa fúnra wa ni yóò máa rọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Náírà wó lulẹ̀ láti 1986, owó ohun èlò di àléèbá, nígbà tí àwọn ọdún 1990 yóò sì fi parí, àwọn ará Jámánì ti jáwọ́.

Ọjà Alábà, ní Ọ̀jọ́ kan náà, kò bá a kú. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣòwò rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kó wá síbẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹni tí apá rẹ̀ kò ká tuntun ti ń ra tòkunbọ̀, tí àwọn atúnṣe tí kò wọ yunifásítì rí sì ń jí òkú ẹ̀rọ dìde. Ire gidi ni èyí. Ẹni tí ó bá sẹ́ ẹ, bóyá kò rí tálákà tí ó ń ra tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ rí.

Èyí tí kò ṣeé jí ńkọ́? Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà fojú bù ú pé bí 500 kọ̀nténà ẹ̀rọ àlòkù ni ó ń wọ Èkó lóṣooṣù. Àwọn tí ó mọ òwò náà sọ fún wọn pé èyí tí kò wúlò mọ́ lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ààtàn ni òpin irú wọn. Wọ́n ń dáná sun wáyà kí bàbà inú rẹ̀ lè yọ, ike tí ó bò ó a sì di èéfín olóró. Wọ́n ń fọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, òjé inú dígí rẹ̀ a sì dà sí ilẹ̀. Òjé kì í jẹrà. Bí ó bá wọ ara ọmọdé, ọpọlọ ni ó ń bà jẹ́.

Ní tèmi, ibí ni òṣùwọ̀n àwọn olùdíje ti ń tàn wọ́n. Wọ́n ń wọn ire àti ibi bí ẹni pé ẹnì kan náà ni méjèèjì ń bá. Ẹni tí ó lo kọ̀ǹpútà ní London ti jẹ dídùn rẹ̀ tán kí ó tó wọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ń ṣa bàbà lórí ààtàn ni èéfín bá.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Nígbà tí àṣírí tú ní 1988 pé wọ́n ti Ítálì kó ìdọ̀tí olóró wá sí Kókó, ní Ìpínlẹ̀ Delta ti òní, ìjọba ológun mú kí wọ́n kó o padà, ó sì ṣe Àṣẹ 42 tí ó fi ẹ̀wọ̀n gbére sí irú òwò bẹ́ẹ̀. Àdéhùn Basel ti gbogbo àgbáyé tẹ̀ lé e ní 1989. Ṣùgbọ́n inú àgbá ni ìdọ̀tí Kókó wà; ti Alábà ń jẹ́ ọjà. Kọ̀ǹpútà tí ó kú àti èyí tí ó sùn, ojú kan náà ni wọ́n ní nínú kọ̀nténà. Ní 2011, àjọ NESREA gbé ìlànà kalẹ̀ fún ẹ̀rọ oníná: ẹni tí ó ṣe é tàbí tí ó kó o wọlé ni yóò ru ẹrù ìkẹyìn rẹ̀. Ní 2015 àti 2016, Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìwádìí ní èbúté Èkó. Ó kéré tán, 19 nínú 100 ẹ̀rọ tí wọ́n yẹ̀ wò ni kò ṣiṣẹ́, inú ikùn mọ́tò àlòkù ni wọ́n sì kó púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà pamọ́ sí wọlé.