Propane kọ́ ló ń ba ẹ́ńjìnnì onítọ́bò jẹ́

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì àti onímọ́tò ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú pé ẹ́ńjìnnì tó bá ní tọ́bò kò gbọdọ̀ mu gáàsì propane. Wọ́n ní gáàsì ń jó gbóná ju bẹntiróòlù lọ, pé yóò jó fáàfù, yóò lu písítìnì, àti pé ọkọ̀ náà kò ní lágbára mọ́. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí kálukú ń wá ohun mìíràn tí yóò máa rọ sí mọ́tò, ọ̀rọ̀ yìí ti ń lé àwọn tó ní ọkọ̀ onítọ́bò sẹ́yìn kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun. Àṣìṣe ni. Nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ń lo púlọ́ọ̀gì, onítọ́bò gan-an ni propane bá mu jù, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pé.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ooru. Bí propane bá pàdé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó tó o, iná rẹ̀ a máa gbóná dé nǹkan bíi 1,980°C. Ti bẹntiróòlù kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ibi tí àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fara da ìfúnpá. Tọ́bò ń fi tipátipá ti afẹ́fẹ́ wọ sílíńdà, afẹ́fẹ́ tí a bá sì fún pọ̀ á gbóná. Nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, bẹntiróòlù lè gbaná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì á máa lu kọ́kọ́kọ́, tí orí písítìnì á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀, brain box ọkọ̀ á mú kí púlọ́ọ̀gì pẹ́ kó tó ṣáná, á sì da epo lé epo láti fi tu sílíńdà lára. Octane ni ìwọ̀n bí epo ṣe ń fara da ìfúnpá kó tó gbaná fúnra rẹ̀. Ti bẹntiróòlù tí a sábà ń rà jẹ́ 91 sí 95. Ti propane lé ní 105. Ewu tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sá fún propane, bẹntiróòlù ló ni ín.

Kí ló wá ń jó àwọn fáàfù tí a ń rí? Ẹ wo rídúsà. Bí omi ni propane ṣe ń jáde nínú táńkì. Rídúsà, tí omi gbígbóná radiétọ̀ ń gbà kọjá, ni yóò sọ ọ́ di oru, tí yóò sì dín ìfúnpá rẹ̀ kù kó tó dé nọ́sù. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó so rídúsà yìí mọ́ máńfóòdù, níbi tí afẹ́fẹ́ tọ́bò ń gbà wọlé. Nípasẹ̀ rọ́bà náà ni rídúsà fi ń mọ ìfúnpá tó wà nínú máńfóòdù, kí ìfúnpá gáàsì lè máa fi ìwọ̀n kan náà ju tibẹ̀ lọ nígbà gbogbo. Ká ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà gbàgbé rọ́bà yìí, tó fi ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Gáàsì ń fi 1.2 bar bọ̀. Awakọ̀ tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀ láti gun òkè, tọ́bò sì gbé 0.8 bar dìde. 0.4 bar péré ló kù tí yóò gbé gáàsì wọlé. Nọ́sù ṣí, ṣùgbọ́n ohun tó ń bọ̀ kò tó. Afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, iná á fà, fáàfù á ṣí nígbà tí iná ṣì ń jó lọ́wọ́, á sì jó fáàfù náà. Propane ni wọ́n á dá lẹ́bi. Ẹnikẹ́ni kò ní yẹ rọ́bà wò.

Ẹ̀sùn kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Gbígbẹ ni gáàsì ń wọlé, nítorí náà, bí irin tí fáàfù ń jókòó lé bá rọ̀, ó lè jẹ wọnú. Irin tó le ni oògùn rẹ̀. Ìdí nìyí tí Ford fi ń ta àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú fáàfù àti ìjókòó fáàfù tó le, fún àwọn tó fẹ́ sọ ọ́ di ti gáàsì.

Ní ti agbára, ẹ̀rí tó dára jù tí mo mọ̀ wà ní Ọsirélíà. Ford ṣe Falcon onísílíńdà mẹ́fà, ẹ́ńjìnnì lítà 4.0 tí kò ní tọ́bò, ní oríṣi mẹ́ta. Ti bẹntiróòlù ní agbára 195 kW. E-Gas, tó ń po oru gáàsì mọ́ afẹ́fẹ́, ní 156 kW. Bí wọ́n bá dá ẹjọ́ síbẹ̀, propane ti jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ní 2011, wọ́n gbé EcoLPi jáde, tó ń fi nọ́sù tú propane sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì jẹ́ omi. Agbára rẹ̀ di 198 kW, ipá ìyípo rẹ̀ sì jẹ́ 409 Nm níbi tí ti bẹntiróòlù ti jẹ́ 391. Propane yìí náà ni o! Bí wọ́n ṣe gbé e wọlé ló yí padà. Oru propane ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà. Èyí tó bá wọlé bí omi máa ń fa ooru lára afẹ́fẹ́ bó ṣe ń di oru, afẹ́fẹ́ á tutù, á sì kì sí i. Falcon yẹn kò ní tọ́bò. Ẹ wá fojú inú wo àǹfààní ìtutù yìí fún ẹ́ńjìnnì tí tọ́bò rẹ̀ ti mú afẹ́fẹ́ gbóná kó tó wọlé.

Òótọ́ ni pé propane ń tán kíá: nǹkan bíi lítà 1.3 rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ lítà bẹntiróòlù kan, nítorí náà nọ́sù gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ẹ́ńjìnnì dísù onítọ́bò kò sí nínú ohun tí mò ń wí, torí kò ní púlọ́ọ̀gì, propane nìkan kò sì lè gbaná nínú rẹ̀ bí dísù ṣe ń gbaná. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe pe propane ní CNG. Methane ni CNG, táńkì rẹ̀ ń gba 200 bar. Ti propane kì í sábà ju nǹkan bíi 15 bar lọ nínú ooru wa. Ẹ má sì ṣe kà á sí gáàsì ìdáná, torí ìyẹn ní butane nínú, octane butane sì kéré sí ti propane.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọkọ̀ onítọ́bò yín fún ẹni tí yóò sọ ọ́ di ti propane, ẹ ní kó fi rọ́bà tó ti rídúsà wá sí máńfóòdù hàn yín kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá ní kò pọn dandan, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.