Ohun tí Ó Jẹ́ Tiwa Nínú Oúnjẹ Wa: Ìtàn Oúnjẹ àti Ìlera ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Lóde òní, kì í ṣe ebi nìkan ni a ń bá jà. Oúnjẹ fúnra rẹ̀ ti di ohun tí à ń bẹ̀rù. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti wọ agboolé wa. Bí dókítà bá ti ka oúnjẹ léèwọ̀ fún ẹnì kan, àwọn ẹbí rẹ̀ a ní kí ó padà sí oúnjẹ ìbílẹ̀, wọn a sì fi kún un pé ohun tí ilẹ̀ bá hù kì í pa ni. Ẹnì kan tí ó sún mọ́ wa gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ó pa oògùn àtọ̀gbẹ tì, ó ń mu àgbo, ó sì ń jẹ àmàlà láfún láàárọ̀ àti lálẹ́ nítorí pé ti ìbílẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ni ó bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ní Ifẹ̀-Olúkòtún, nínú ilẹ̀ Yàgbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ àròkọ lórí oúnjẹ àwọn baba ńlá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kọ ọ́ pé gàrí, ẹ̀kọ àgbàdo àti ata ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àṣìṣe wọn ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni láti tọpasẹ̀ ìtàn oúnjẹ wa, kí a sì wádìí ohun tí ó jẹ́ tiwa gan-an nínú rẹ̀.

Ohun tí a bá nílẹ̀ àti ohun tí ó wọlé tọ̀ wá

Iṣu, ọkà bàbà, ẹ̀wà, ilá, ẹ̀gúsí, epo pupa àti irú jẹ́ ti ilẹ̀ adúláwọ̀. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà àti ata kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, àwọn Potogí ni ó sì gbé púpọ̀ nínú wọn dé etí òkun wa láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ẹ̀gẹ́ kò tètè gbilẹ̀ láàrin wa. Ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn Àgùdà tí ó padà láti ilẹ̀ Bràsíìlì dé Èkó pẹ̀lú ọgbọ́n gàrí, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í di oúnjẹ gbogboogbò.

Ní ọ̀rúndún yẹn kan náà, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà ń kó ilẹ̀ Ọ̀kun lẹ́rú, ọ̀pọ̀ ìlú sì sá gun orí òkè. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí ọkà bàbà, tí a lè sá gbẹ kí a sì kó pamọ́ sínú àká, fi níyì lójú ẹni tí kò lè fọkàn balẹ̀ lọ sí oko ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kìíní ọdún 1897, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Owó orí ìjọba òyìnbó ni ó tẹ̀ lé e. Àgbẹ̀ tí yóò san owó orí gbọ́dọ̀ gbin ohun tí a ń fi owó rà. Báyìí ni kọfí àti kòkó ṣe bá iṣu du ilẹ̀.

Ní ti búrẹ́dì, ọdún 1921 ni Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó ti kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó. Òkè òkun ni ìyẹ̀fun rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ ní àwọn ọdún 1970, búrẹ́dì di oúnjẹ mẹ̀kúnnù àti ọlọ́rọ̀. Ìjọba fòfin de àlìkámà òkè òkun ní ọdún 1987, wọ́n sì mú òfin náà kúrò ní 1992. Ọdún márùn-ún kò tó láti mú kí ẹnu gbàgbé ohun tí ó ti mọ́ ọn lára.

Ẹ̀rí tí ẹ̀gẹ́ jẹ́

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ilẹ̀ bá hù kì í pa ni, ẹ̀gẹ́ ni ìbá kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n májèlé tí a ń pè ní sáyánáìdì fara pamọ́ sínú rẹ̀, pàápàá èyí tí ó korò. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, tí a dì í sínú àpò, tí a fi òkúta tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, tí a kù ú, tí a sì yan án, májèlé náà a bá omi àti ooru lọ. Ní ọdún 1981, ọ̀dá mú ní agbègbè Nampula ní orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì. Ebi mú kí àwọn ènìyàn gé ọjọ́ tí wọ́n fi ń sá ẹ̀gẹ́ kíkorò kúrú. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn, obìnrin àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú wọn, tí ẹsẹ̀ wọn rọ.

Nílé níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Òṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1960 lórí àrùn kan tí ń mú kí ojú ṣe bàìbàì, kí etí di, kí ẹsẹ̀ má sì lè dúró gírí. Ó tọ́ka sí jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ láìsí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà tí ó tó. Àwọn oníṣègùn mìíràn ti bá a jiyàn lórí sáyánáìdì láti ìgbà náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan náà wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí ó fi àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ó ti kú ní ọdún 1995 kí àbájáde ti ọdún 2001 tó jáde: lọ́dọọdún, àrùn ìgbàgbé tí a ń pè ní Alzheimer ń mú ènìyàn 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, 2.52 ní Indianapolis. Oúnjẹ lè wà lára ohun tí ó fà á, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó lè búra sí i.

Ìkádìí

Kí wá ni ó jẹ́ tiwa? Kì í ṣe irúgbìn nìkan, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àlejò. Ọgbọ́n ọwọ́ ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ se irúgbá, tí ó bó o, tí ó tún un sè, tí ó sì bò ó mọ́lẹ̀ títí ó fi di irú, onímọ̀ ni. Ọgbọ́n yìí pẹ̀lú ní àléébù tirẹ̀: bí a bá sẹ́ ògì, a máa ń da eèrí fún ẹran, bẹ́ẹ̀ odidi hóró ọkà ni Denis Burkitt, oníṣègùn tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Ùgáńdà, ń rọ aráyé ní àwọn ọdún 1970 pé kí wọ́n máa jẹ.

Ìyá àgbà kan tí ó ti ń yan gàrí láti èwe rẹ̀ ní Ifẹ̀-Olúkòtún ráhùn fún wa pé àwọn ọmọ òun fẹ́ rin ẹ̀gẹ́ lónìí kí wọ́n yan án lọ́la, nítorí ọjà. Ó ní, “Ìyá mi kò mọ orúkọ májèlé, ṣùgbọ́n ó mọ iye ọjọ́.” Iye ọjọ́ yẹn ni ó yẹ kí àwa olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ wa. Kí aláìsàn sì jẹ́ kí oúnjẹ àti oògùn dókítà jọ máa rìn pọ̀, kí ẹsẹ̀ mìíràn má baà tún lọ.