Owó Ìjọba àti Ojú Agbo Eré ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ní ọdún 1945 ni a kọ́ ilé kan parí ní Èsìẹ́, ìlú Ìgbómìnà tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, láti fi kó àwọn ère òkúta tí iye wọn lé ní 1,000 sí. Ilé náà ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà; Èkó kò tíì ní, Ìbàdàn kò tíì ní, Kàdúná kò tíì ní. Tọkùnrin tobìnrin ni ó wà nínú àwọn ère náà. Àwọn kan jókòó lórí àpótí, àwọn kan mú àdá dání, ohun èlò orin sì wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. A lè fi ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́ pé àwọn olórin tí ìjọba kọ́kọ́ fi òrùlé bò ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, òkúta ni wọ́n.

Kì í ṣe pé àwọn ará Èsìẹ́ kò mọ̀ nípa ère wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ń bọ wọ́n láti ayébáyé, wọ́n sì ń ṣe ọdún fún wọn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan tilẹ̀ sọ pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., kéde wọn fún ayé. J. D. Clarke, tí ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní Òmù-Àrán láyé ìgbà náà, wà lára àwọn tí ó kọ̀wé nípa wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìwé, ọwọ́ ìjọba tẹ̀ lé e. Òkúta ṣeé kà. Ó ṣeé yà ní fọ́tò. Ó sì ṣeé jí gbé, nítorí náà ó yẹ fún ìṣọ́. Ìlù tí a lù tán lálẹ́ àná kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ láti fi bẹ ìjọba.

Níbo wá ni àwọn olórin abẹ̀mí ti ń ṣeré? Ojúde ọba ni, ẹ̀gbẹ́ ọjà ni, iwájú ilé ẹni tí ó ń jẹ oyè tàbí tí ó ń ṣe òkú àgbà ni. Irú ibẹ̀ ni egúngún Ẹléwe, tí a fi mọ àwọn Ìgbómìnà, ti ń jó. Kò sí ògiri níbẹ̀. Èrò ìwòran fúnra wọn ni ògiri. Bí eré bá ń dùn, agbo á máa fún. Bí oníjó bá fẹ́ àyè, àwọn tí ó mú pàṣán dání á ti èrò sẹ́yìn, agbo á sì tún fẹ̀. Onílù gbọ́dọ̀ rí ẹsẹ̀ oníjó, oníjó gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹnu ìlù. Ẹni tí ó bá pe irú ibi bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ lásán kò wò ó dáadáa. Síbẹ̀, àbùkù rẹ̀ kò fara sin: òjò ń tú agbo ká, awọ ìlù tí omi bá kàn kì í dún bí ó ti yẹ, àwọn arúgbó kì í rí ibi jókòó, àwọn obìnrin kì í sì rí ibi yà sí.

Ọdún 1945 kan náà ni Hubert Ogunde dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣèré alárìnjó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ gba ìlú dé ìlú, gbọ̀ngàn ilé-ìwé àti ti ìjọ ni ó di ilé eré ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Wọn a to bẹ́ńṣì, wọn a gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn ilé. Olùkọ́ ni ó sábà máa ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ohun tí àwọn tí ń kọ ìtàn eré sábà máa ń gbójú fò.

Ọ̀rọ̀ ààlà tún dá sí i. Abẹ́ Ìjọba Àríwá ni Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ wà títí di 27 May, 1967, tí a dá ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwárà sílẹ̀. Ìlá Ọ̀ràngún, tí òun náà jẹ́ Ìgbómìnà, wà ní Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn ní 31 October, 1959, tí ó sì ṣí pápá-ìṣeré Liberty ní 1960, àpò tí owó náà ti jáde kì í ṣe àpò tí Òmù-Àrán ń wò. Kàdúná ni tiwọn, Kàdúná sì jìnnà sí ojúde Olómù.

Owó epo ló kọ́ èyí tí ó tóbi jù. Láàárín 1973 sí 1976 ni àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ Bulgaria kọ́ Tíátà Àpapọ̀ sí Igánmú ní Èkó, ní àwòrán ilé kan tí ó wà ní Varna lọ́hùn-ún. Àyè ìjókòó 5,000 wà nínú gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀. FESTAC wáyé láti 15 January sí 12 February, 1977. Àlejò dé, àlejò lọ, ilé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Owó ìkọ́lé wà. Owó tí a ó máa fi tọ́jú ilé ni kò tó. Ní 2021 ni a fà á lé àwọn báǹkì lọ́wọ́ fún àtúnṣe, bílíọ̀nù náírà 68 ni a sì kéde pé ó lọ sí i. Ní 2024 ni a fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é, a sì tún un ṣí ní 1 October, 2025. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Èsìẹ́ tí ó ń lu ìlù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá owó ọkọ̀ Èkó.

Owó kékeré náà ti ṣiṣẹ́ rí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí ó wà ní Broad Street di Freedom Park ní 2010, orin sì ń dún lálẹ́ níbi tí ẹlẹ́wọ̀n ti ń ké. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Arts Council ya mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ pọ́n-ùn sọ́tọ̀ ní 2019 fún àwọn ilé orin kéékèèké. Kì í ṣe ilé tuntun ni wọ́n torí rẹ̀ yà á sọ́tọ̀; ilé tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́.

Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá dé Ìgbómìnà, àṣìṣe tí ó rọrùn jù ni kí a fi kọ́ gbọ̀ngàn alága onírọ̀rí, kí a sì máa ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹléwe kò lè jó láàárín àga. Ohun tí ojúde ń fẹ́ kò pọ̀: ilẹ̀ tí a tẹ́ dọ́gba, gọ́tà tí yóò gbé omi lọ, àtíbàbà tí kò ní bo ojú ọ̀run tán, iná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti yàrá kan tí a lè ti ìlù mọ́.

Ìdíwọ́ tó wà níbẹ̀ ni ìwé. Ẹni tí ó bá ń tọrọ owó ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ni ó ni ibi tí òun fẹ́ tún ṣe. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, bẹ́ẹ̀ ni ojúde jẹ́ ti ọba àti gbogbo ìlú. A kì í bá ìwé ojúde nínú àpótí ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, tí ó mọ bí a ti ń dá owó jọ tí a sì ń ṣírò rẹ̀, lè dúró gẹ́gẹ́ bí olùgbà owó náà. Kí aṣojú àwọn onílù kan jókòó síbẹ̀ nígbà tí a bá ń pinnu ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe, nítorí òun ni ó mọ ibi tí omi ń gbà dé ara awọ.