Àmì Ohùn Lórí Ẹ̀rọ

Ní ọdún 1875, àwọn míṣọ́nnárì CMS péjọ sí Èkó láti fìdí àkọtọ́ Yorùbá múlẹ̀, pẹ̀lú àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbé àkójọ lẹ́tà ASCII jáde ní 1963, kò sí àyè fún wọn níbẹ̀. Unicode, tí ó jáde ní 1991, ni ó wá fún wọn láyè.

Fóònù GSM dé Nàìjíríà ní 2001. Àtẹ̀jíṣẹ́ aláìlámì sì gbilẹ̀. Nínú rẹ̀, owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ìlú Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó di “owo” kan náà. Bí ọmọ bá kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé “mo fe owo”, bàbá kò ní rò pé ọ̀wọ̀ ni ó ń tọrọ!

Ẹ̀rọ ti gba àmì wa; ó ku ọwọ́ tí yóò tẹ̀ ẹ́.